Bí ìwé BVAS ṣe di méjì l'Ọ́ṣun, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ń di méjì nínú fóònù: Iṣẹ́ àwọn tó ń tún ìwé Linux ṣe

Àwọn èèyàn ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tí ì gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé ìbò gómìnà tí wọ́n dì lọ́jọ́ 16, oṣù keje, ọdún 2022. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé Sẹ́nétọ̀ Ademola Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP ló wọlé pẹ̀lú ìbò 403,371, nígbà tí Gómìnà Gboyega Oyetola ti ẹgbẹ́ APC ní 375,027. Oyetola gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ohun tó gbé lọ́wọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó jókòó l'Óṣogbo láti gbọ́ ẹ̀sùn náà ni ìwé kan tí INEC fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, tó sọ iye èèyàn tí ẹ̀rọ BVAS dá mọ̀ ní àwọn ibùdó ìdìbò. Bí èèyàn bá fi iye inú ìwé yẹn wé iye ìbò tí wọ́n kà, ìbò ju èèyàn lọ ní ọ̀pọ̀ ibùdó. Ṣùgbọ́n ìwé kejì tún jáde láti ọwọ́ INEC kan náà. Àlàyé àjọ náà ni pé gbogbo ohun tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ BVAS kò tí ì wọ inú sáfà tán lásìkò tí wọ́n fi tẹ ìwé àkọ́kọ́. Ìbò kan, ẹ̀rọ kan, àjọ kan, ìwé méjì.

Lọ́jọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà gba ìwé àkọ́kọ́ gbọ́, wọ́n sì ní Oyetola ló wọlé. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ náà nù lọ́jọ́ 24, oṣù kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òǹtẹ̀ lu ti Adeleke, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rí BVAS ṣẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbé àwọn ẹ̀rọ náà gan-an wá, kì í ṣe ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti inú sáfà nìkan.

Ẹjọ́ ti parí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ hú òkú rẹ̀ jáde níbí. Ohun tó mú kó yẹ ní rírántí ni pé gbùngbùn ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn pé ẹnì kan kà nígbà tí ohun tí ẹlòmíràn kọ kò tí ì dé, ni ìjà tí àwọn tó ń kọ inú lọ́hùn-ún kọ̀ǹpútà ti ń jà láti ìgbà pípẹ́. Inú fóònù kan ṣoṣo tí èèyàn dì mọ́wọ́ ni tiwọn ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n gé sọ́nà bílíọ̀nù kan. Apá tó sì le jù nínú ìjà náà kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀rọ ni.

Fóònù Android tí wọ́n ń tà láyìíká Ọláìyá l'Óṣogbo, àti èyí tí wọ́n ń tà n'Iléṣà, orí Linux ni gbogbo wọn jókòó lé. Linux yìí ni ètò tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki. Apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú rẹ̀, èyí tó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ, tó ń pín mẹ́mórì, tó ń bá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè ní kernel. Èkùrọ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn gan-an, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí abẹ́ èèpo líle ló wà, ẹni tó ń lo fóònù kì í fojú kàn án.

Láyé àtijọ́, ọpọlọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní, ohun tó bá sì kọ sínú mẹ́mórì ni òun náà yóò kà. Kò sí àríyànjiyàn. Lónìí, fóònù tí kò wọ́n rárá lè ní ọpọlọ mẹ́jọ, gbogbo wọn á máa kọ, wọn á máa kà nínú mẹ́mórì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òwò àwọn Ìjẹ̀ṣà lè là á yéni. Òṣómàáló ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún tó kọjá: wọ́n á ru aṣọ wọ ìlú àti abúlé, wọ́n á tà á láwìn, bí àkókò owó bá sì tó, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ká ní bàbá kan nínú wọn wà n'Iléṣà, tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Óṣogbo, tí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kan sì ń jókòó tì í. Bàbá kó aṣọ tuntun sínú ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ gbéra. Lẹ́yìn náà ló wá rán ọlọ́kadà kan pé kó sọ fún ọmọ náà pé aṣọ tuntun ti dé, kó máa tà á ní owó tuntun. Lójú bàbá, aṣọ ló kọ́kọ́ kúrò nílé, iṣẹ́ tó rán ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ ẹrù bẹ́ lọ́nà, ọlọ́kadà sì ti gba ọ̀nà Ìbòkun kọjá. Ọmọọṣẹ́ gbọ́ iṣẹ́, ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ògbólógbòó aṣọ ló bá níbẹ̀, n ló bá tà á ní owó tuntun. Kò sí ẹni tó purọ́, kò sí ẹni tó jalè. Bàbá ṣe ohun méjì létòlétò, Òṣogbo rí méjèèjì lódìlódì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń ṣe. Mẹ́mórì jìnnà sí ọpọlọ, kí ọpọlọ sì tó máa dúró de ohun tó kọ títí yóò fi débẹ̀, yóò kàn jù ú sínú àpò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Inú àpò náà ni ọ̀rọ̀ yóò ti máa yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn irú ọpọlọ kan, èyí tó wọlé gbẹ̀yìn lè kọ́kọ́ jáde. Ọpọlọ tó kọ ọ́ kò ní mọ̀, nítorí bó bá fẹ́ ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, inú àpò rẹ̀ ni yóò ti mú un. Àwọn méje yòókù ni yóò rí i lódìlódì.

Ìṣòro kan tún wà lápá Òṣogbo. Ká tiẹ̀ ní ọkọ̀ ẹrù ló kọ́kọ́ dé, tí wọ́n sì ti to aṣọ tuntun sórí pẹpẹ. Bí ọmọọṣẹ́ náà bá jẹ́ ẹni tó yára jù, tó ti ka ọjà sínú ìwé láàárọ̀ kí ẹrù tó dé, tó sì jẹ́ pé ìwé àárọ̀ yẹn ló yẹ̀ wò nígbà tí ọlọ́kadà dé, ohun àtijọ́ náà ni yóò rí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa kánjú bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ka ohun tó rò pé òun yóò nílò kó tó di pé wọ́n ní kó kà á.

Ohun tí àwọn tó ń kọ kernel fi ń dá èyí dúró kò yàtọ̀ sí ibodè ìlú àtijọ́, níbi tí oníbodè ti ń pinnu ẹni tó lè kọjá àti ìgbà tó lè kọjá. Ibodè kan gbọ́dọ̀ wà n'Iléṣà, tí kò ní jẹ́ kí ọlọ́kadà jáde títí ọkọ̀ ẹrù á fi débi tó ń lọ. Òmíràn gbọ́dọ̀ wà l'Óṣogbo, tí yóò sọ fún ọmọọṣẹ́ pé kó fa ìwé àárọ̀ ya, kó lọ wo pẹpẹ lọ́tun. Nínú Linux, orúkọ ti àkọ́kọ́ ni smp_wmb, ti èkejì ni smp_rmb. Àwọn méjì mìíràn tún wà tí wọ́n ń lò gan-an lóde òní, smp_store_release fún ẹni tó ń ránṣẹ́, smp_load_acquire fún ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó bá mọ ibodè sí apá kan tó fi èkejì sílẹ̀ kò tí ì mọ nǹkan kan. Àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Kì í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan ló ń yí ètò padà, ó yẹ ká sọ ọ́. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, náà a máa tún un tò bó bá rí i pé yóò yá jù bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ló fi ń wò ó, kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń wo ohun tí òun ń ṣe.

Kí wá ló dé tí ìwé fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé irú àṣìṣe yìí kì í jẹ́ kí wọ́n mú un. Ètò lè ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà mílíọ̀nù kan, kó wá dàrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ̀rọ dákú, àkọsílẹ̀ bàjẹ́, ọpọlọ kan ń kọ sórí mẹ́mórì tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tún un gbìyànjú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Èyí tó sì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Intel tí ẹni tó kọ ọ́ ń lò lè dàrú lórí fóònù, nítorí ọpọlọ ARM tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù láyè láti da ètò rú ju ti Intel lọ. Dídán wò, nígbà náà, kò lè ṣe adájọ́. Ìwé ni adájọ́. Bí ìwé bá wá jẹ̀bi ńkọ́?

Ọdún 1999 ni ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń kọ Linux bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí àgádágodo inú kernel, èyí tí ọpọlọ kan máa ń tì mọ́ nǹkan tó bá ń lò lọ́wọ́ kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣí i lórí Intel ti wọ́n jù, pé ó ń gbà tó ìlù 22 nínú ìlù aago ẹ̀rọ, nígbà tí kíkọ ọ̀rọ̀ lásán yóò gba ìlù 1 péré. Torvalds fúnra rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní ewu ni, pé ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lè kọjá sí iwájú. Ẹlòmíràn ní òun ti dán an wò, kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn èèyàn yẹ ìwé Intel wò, kálukú sì rí ohun tó gbè é lẹ́yìn níbẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan tó mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ọpọlọ náà ní Intel dá sí i, tó ní ọ̀nà kúkúrú náà kò léwu, ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ẹ wò ó: àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù láyé kò lè fi ìwé tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde mọ ohun tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe.

Lóṣù kẹjọ, ọdún 2007, Intel tẹ ìwé àlàyé tuntun jáde, òfin 8 àti àpẹẹrẹ 10. Àwọn onímọ̀ kan, Peter Sewell ti yunifásítì Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mú ohun tí ìwé náà sọ, wọ́n sọ ọ́ di ìṣirò pọ́nńbélé. Wàhálà ọwọ́ wọn kò kéré. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, àpẹẹrẹ kan yọjú láti ọ̀dọ̀ Paul Loewenstein, tó fi hàn pé ẹ̀rọ tó wà lọ́jà ń ṣe ohun tí ìwé náà ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìwé ló jẹ̀bi, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Wọ́n da iṣẹ́ yẹn nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, Intel náà sì tún ìwé rẹ̀ kọ. Àlàyé tí Sewell àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà gbé jáde, tí wọ́n pè ní x86-TSO, ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí títí di òní.

Linux ní ìwé tirẹ̀. Lọ́dún 2006, David Howells tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat kọ èyí tí wọ́n pè ní memory-barriers.txt, ó sì wọ inú àpapọ̀ Linux pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn. Paul McKenney, tó wà ní IBM nígbà náà, jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún un, orúkọ Will Deacon àti Peter Zijlstra sì padà kún tiwọn. Ìwé náà gùn, ó le, ó kún fún àwòrán tí wọ́n fi lẹ́tà àti ìlà ṣe. Àwọn tó ń kọ kernel kì í kà á fún fàájì. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti da ọkàn wọn rú ni wọ́n máa ń lọ bá a.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Àwọn àtúnṣe kan kéré. Nígbà tí ọdún 2013 ń kógbá sílé, Zijlstra yí àwọn orúkọ kan padà nínú rẹ̀ kí èèyàn má baà máa rò pé àgádágodo nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, àmọ́ àwọn orúkọ àtijọ́ ṣẹ́kù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé náà sí èdè Kòríà wà lára àwọn tó padà rí irú ìṣẹ́kù bẹ́ẹ̀, tó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Kò yani lẹ́nu. Atúmọ̀ èdè kì í lè fò gbólóhùn kan tí kò yé e.

Èyí tó yẹ kí èèyàn dúró wò dáadáa ni ti ọdún 2015.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Ká ní bàbá n'Iléṣà sọ fún ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé: wo ìwé gbèsè, bí o bá rí i pé lágbájá ti san owó rẹ̀, fún un ní ìgàn aṣọ mìíràn. Wíwo ìwé ló ṣáájú, fífún un laṣọ ló tẹ̀ lé e. Ǹjẹ́ a nílò oníbodè láàárín méjèèjì? Ọgbọ́n orí sọ pé rárá. Ọmọọṣẹ́ tó ń kánjú lè ti na ọwọ́ sí aṣọ, ó lè ti wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀, kó tó mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ti sanwó. Wíwò kò ná an ní nǹkan kan, bó bá rí i pé kò tí ì san, yóò gbàgbé ohun tó rí. Ṣùgbọ́n kò lè gbé aṣọ fún un. Aṣọ tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà níwájú gbogbo ọjà kò ṣe é gbà padà. Bákan náà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: ó lè fi ìméfò ka nǹkan, kì í fi ìméfò kọ ohun tí àwọn ọpọlọ yòókù yóò rí. Nítorí náà, kíkà tí «bí» tẹ̀ lé, tí kíkọ sì tẹ̀ lé «bí» yẹn, wà létò láìsí ibodè kankan.

Ọpọlọ kan wà, Alpha, tí ilé-iṣẹ́ Digital Equipment ti Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1992. Kò sí èyí tó láyè láti da ètò rú tó o. Ohun tí àwọn yòókù kì í ṣe rárá, Alpha a máa ṣe é. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ débi pé lọ́dún 2015, ọ̀rọ̀ wọ inú memory-barriers.txt pé Alpha kò bọ̀wọ̀ fún «bí» náà, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ètò dúró gbọ́dọ̀ lo irinṣẹ́ pàtàkì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, READ_ONCE_CTRL. Irinṣẹ́ yìí wọ inú kernel, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ìgbọràn sí ìwé.

Lóṣù kọkànlá ọdún náà, Torvalds yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ó yọ irinṣẹ́, ó yọ gbólóhùn inú ìwé. Ìdí tó kọ mọ́ ọn kò gùn: ó ní ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ ṣi bí Alpha ṣe ń ṣiṣẹ́ kà ni, pé ìwé tí àwọn tó ṣe Alpha fọwọ́ ara wọn kọ kò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri nípa Alpha ti burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà pé kò sí ibi tí kò lè ṣe. Orúkọ burúkú rẹ̀ ti ju ìwà rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé àwọn tó bí i, wọn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn kan lè ní kí ló burú nínú ibodè tó pọ̀ jù, ṣé kì í ṣe ààbò náà ni? Ó burú. Ibodè kọ̀ọ̀kan ń dá ọpọlọ dúró. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó bá ka ìwé náà lọ́la yóò gbà pé «bí» kò ní agbára, yóò sì máa bẹ̀rù níbi tí kò sí ewu, kò sì ní mọ ibi tí ewu gan-an wà. Ewu gan-an wà lọ́dọ̀ kọ̀ǹpáílà: bí apá méjèèjì «bí» bá parí sí kíkọ ohun kan náà, kọ̀ǹpáílà lè fa kíkọ yẹn jáde síwájú «bí», kí ọpọlọ má sì rí ìdí kankan láti dúró mọ́. Ìwé náà ń kìlọ̀ èyí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọdún 2017 ni ọdún tí ìwé lé irinṣẹ́ kan jáde kúrò nínú kernel. Irinṣẹ́ náà ni spin_unlock_wait, tó wà fún ẹni tó fẹ́ dúró títí àgádágodo á fi ṣí láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ tì í. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àwọn èèyàn ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí McKenney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó láti kọ ohun tó ṣèlérí gan-an sílẹ̀, ẹnu wọn kò kò. Ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe kò lè sọ bóyá ẹni tó lò ó jàre tàbí ó jẹ̀bi. Wọ́n fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń lò ó, wọ́n sì pa á rẹ́.

Ọdún yẹn kan náà ni ARM, tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù ayé, ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n: ó tún ìwé òfin rẹ̀ ṣe láti mú un le sí i. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bí ọpọlọ kan bá kọ nǹkan, ó ṣeé ṣe kí ìròyìn rẹ̀ ti dé Òṣogbo kó má tí ì dé Ìkìrun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò Òṣogbo ti gbọ́, tó sì ti ń dá a lóhùn. Àwọn tó ń kọ ètò ń múra sílẹ̀ de èyí, ó sì ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí wọ́n wádìí, kò sí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọpọlọ tó ń lo àǹfààní náà. ARM wá kọ ọ́ pé bí ìròyìn bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, gbogbo ìlú ni yóò rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Memory-barriers.txt náà tún apá tó kan ọ̀rọ̀ yẹn kọ.

Lọ́dún 2019 ni Will Deacon kọ́ apá tó sọ nípa bí kernel ṣe ń bá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lákọ̀tun, èyí tó mú kí irinṣẹ́ mìíràn, mmiowb, di ohun ìgbàgbé.

Àtúnṣe wọ̀nyí kò nílò pé kí èèyàn jẹ́ ọmọ Finland tàbí òṣìṣẹ́ IBM. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Óṣogbo lọ́dún 2006, tàbí ti yunifásítì Iléṣà tí ó di yunifásítì lọ́dún 2022, lè gba odidi Linux sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó ka ìwé náà, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Wọn kò ní béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni kó fi orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sí i pé òun lòun kọ ọ́, àṣà ìfọwọ́sí tó wà láti ọdún 2004, kó sọ ohun tó burú nínú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì mú ẹ̀rí wá. Orúkọ náà yóò wà nínú àkọsílẹ̀ Linux títí ayé, ìdí tó fi ṣe é yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi lè padà lọ wo ohun tí Torvalds kọ nípa Alpha lọ́dún 2015.

Ní ti ẹ̀rí, ọ̀nà ti là ju ti ọdún 1999 lọ. Nínú Linux 4.17 tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n ti fi àpẹẹrẹ òfin tí wọ́n kọ ní èdè ìṣirò kún kernel. Jade Alglave ti University College London, Luc Maranget ti INRIA ní ilẹ̀ Faransé, McKenney, Andrea Parri àti Alan Stern ló ṣe é. Ẹni tó bá ní iyèméjì yóò kọ ìtàn kékeré kan, bíi ti bàbá Iléṣà àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀, pé: ẹni yìí kọ èyí, ó kọ tọ̀hún, ẹni kejì ka tọ̀hún, ó ka èyí. Yóò wá bi ètò kan tí wọ́n ń pè ní herd7 léèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹni kejì rí iṣẹ́ kó má rí aṣọ. Herd7 yóò yẹ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà ṣẹlẹ̀ wò, yóò sì dáhùn. Kì í ṣe pé ó dán an wò nígbà mílíọ̀nù kan, gbogbo ọ̀nà tí òfin náà gbà láyè ló kà tán.

Ní òkè ìwé memory-barriers.txt lónìí, ìkìlọ̀ kan wà. Àwọn tó kọ ọ́ sọ níbẹ̀ pé ìwé náà kì í ṣe òfin, pé kò pé, pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ohun kan sílẹ̀ kó má baà gùn jù, àti pé èèyàn ni àwọn, àwọn ohun mìíràn sì lè ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní iyèméjì béèrè, tàbí kó lọ wo àpẹẹrẹ òfin ọdún 2018. Wọ́n sì tún kọ ọ́ tẹ̀ lé e pé àpẹẹrẹ òfin náà pàápàá, èrò àwọn tó ń bójú tó o ni, kì í ṣe ifá tí kì í purọ́.